Ìgbà Ìmúra Nínú Ilé Olùkọ́

Bí a bá gbọ́ pé olùkọ́ kan fẹ́ fi ibi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ibòmíràn, ohun mẹ́ta ni a sábà máa ń béèrè: níbo ni ó ń lọ, èló ni wọn yóò máa san fún un, ta ni yóò sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni béèrè bí ilé rẹ̀ ti rí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, tí a ti ń ṣí kiri láti ilé-ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn, mọ̀ dájú pé láàrin ọjọ́ tí ìwé ìpè dé àti ọjọ́ tí a di ẹrù sínú ọkọ̀, oṣù mẹ́sàn-án lè wà níbẹ̀, inú àwọn oṣù náà ni a sì ti ń mọ ohun tí ó wà lọ́kàn olúkúlùkù ará ilé. Nípa irú oṣù bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ̀wé, nítorí pé inú wọn ni èmi àti àwọn tèmi wà bí mo ti ń kọ èyí.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹni tí ó ń kà á, ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa ara mi. Ọdún 19 nìyí tí mo ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì kan ní Ìbàdàn. Ẹni ọdún 48 ni mí. Òfin tí a ṣe ní ọdún 2012 fún àwọn yunifásítì ìjọba fi àyè gba olùkọ́ láti ṣiṣẹ́ títí yóò fi di ẹni ọdún 65, bí ó bá sì ti dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n, títí di ẹni ọdún 70; nítorí náà kò sí ẹni tí ń lé mi, ọjọ́ ìfẹ̀hìntì mi sì jìnnà. Ní oṣù Kejìlá tí ó kọjá ni ìwé dé láti ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ìjọ wa ti ń tọ́ àwọn tí yóò di àlùfáà àti ajíhìnrere, ní ìlú kan ní ilẹ̀ Èkìtì. Wọ́n ní kí n wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní ìtàn Ìjọ, kí n sì jẹ́ alábòójútó ètò ẹ̀kọ́ níbẹ̀, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí. Owó tí wọn yóò máa san tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún èyí tí mo ń gbà nísinsìnyí. Síbẹ̀ ọkàn mi fà sí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń wàásù fún wa kò mọ ìtàn ìjọ tí wọ́n ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá kọ́ ogún nínú wọn ti kọ́ ogún ìjọ.

Ìyàwó mi jẹ́ agbẹ̀bí ní ilé-ìwòsàn ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì ti lo ọdún 16 lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọmọkùnrin wa jẹ́ ẹni ọdún 16, àwọn ìbejì wa, obìnrin méjèèjì, sì jẹ́ ẹni ọdún 9. Ìyá mi pẹ̀lú, ẹni ọdún 81, ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí baba mi ti sùn nínú Olúwa. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ìwé náà dé ni mo fi lé Ìyá Ìbejì lọ́wọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó sì tún un tú. Mo rò pé yóò béèrè owó, tàbí ilé, tàbí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Kò béèrè ọ̀kan nínú wọn. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n pè ni, tàbí àwa?”

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tún wò ó. Orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni ó wà lórí rẹ̀. Ìbéèrè yìí ni ó ń bá wa gbé, tí ó ń bá wa jẹun, láti alẹ́ ọjọ́ náà.

Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé iṣẹ́ mi ni láti máa wo ẹ̀hìn, mo wo ẹ̀hìn, mo sì bá ilé kan pàdé níbẹ̀ tí ó ti wà nínú irú ìmúra yìí rí. Ilé Samuel Ajayi Crowther ni. Kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò mọ̀ pé a kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, pé ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, tí a sì mú un dé Sàró. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé olùkọ́ ni ó jẹ́ kí ó tó di àlùfáà, àti pé baba ọmọ ni pẹ̀lú. Ní 1827 ó wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Lẹ́yìn náà ó padà di olùkọ́ níbẹ̀. Asano aya rẹ̀, tí a pè ní Susan nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi, wà nínú ọkọ̀ ẹrú kan náà tí a ti gba Àjàyí. Òun pẹ̀lú sì di olùkọ́ àwọn ọmọdé. Nítorí náà ilé olùkọ́ méjì ni ilé náà í ṣe, ilé tí ó ní iṣẹ́ tí ó dúró, ní ìlú tí ó ti mọ́ wọn lára.

Wàyí o, ẹ bá mi ka ọdún wọ̀nyí. Ní 1841 a mú Crowther lọ pẹ̀lú àwọn tí ó gòkè Odò Ọya, ìrìn-àjò tí ibà pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí ó lọ. Ó padà wálé. Ní 1842 a tún pè é lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ CMS ní Islington. Ní oṣù Kẹfà 1843 ó di díákónì, ní oṣù Kẹwàá ó di àlùfáà, ní ọdún kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde, bí ọdún sì ti ń parí lọ ó padà dé Sàró. Ní oṣù Kejìlá 1844 ó tún wọ ọkọ̀. Ní ti èyí, ilé rẹ̀ bá a lọ, sí Badagry, sí ilẹ̀ tí a ti jí àwọn méjèèjì kó ní kékeré. Bí a bá ka àwọn ọjọ́ wọ̀nyí nínú ìwé, wọn a dà bí àtẹ̀gùn tí ọkùnrin ńlá kan ń gùn. Ṣùgbọ́n gbé wọn wọ inú yàrá tí àwọn ọmọ wà, kí o sì wò ó bí yóò ti rí. Ọkọ lọ, a kò mọ̀ bóyá ibà yóò jẹ́ kí ó bọ̀. Ọkọ bọ̀, kò ì tí ì jókòó dáadáa, ọkọ tún lọ. Nígbà tí ó dé, ó ní kí a di ẹrù. Ìwé tí Crowther kọ nípa ìrìn-àjò Odò Ọya jáde ní 1842, ó wà lórí pẹpẹ ìwé mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sí ìwé kankan tí Asano kọ.

Wọ́n dé Badagry ní oṣù Kìíní 1845, wọ́n rò pé Abẹ́òkúta kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tí ó ti ń retí wọn, ti kú, ọ̀nà sì dí. Nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró létí òkun níbẹ̀. Aya Gollmer, òyìnbó tí ó bá wọn wá, kú láàrin oṣù díẹ̀. Wọn kò jókòó lásán o: wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ọmọ, wọ́n wàásù. Ní oṣù Kẹjọ 1846 ni wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta, nínú oṣù náà gan-an ni Crowther sì rí Àfàlá ìyá rẹ̀, ẹni tí kò fi ojú kàn fún ọdún 25. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn apá ìtàn yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti fi í wàásù rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìjọ lásán ni mí. Ṣùgbọ́n ní ọdún yìí, ọdún kan àti ààbọ̀ ti Badagry ni ọkàn mi ń lọ sí jù. Ó ti fi ibi kan sílẹ̀, kò tíì dé ibi kejì, àwọn ọmọ sì gbọ́dọ̀ jẹun lójoojúmọ́.

Mo sọ gbogbo èyí fún Ìyá Ìbejì ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò ní iṣẹ́ òru. Ó fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní, “Ó dára. Ṣùgbọ́n Asano kò ní ọdún 16 lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba.”

Òótọ́ ni ó sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ṣòro ju bí ẹlòmíràn ti lè rò lọ. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó gbà á síṣẹ́, kì í ṣe Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ kọjá láti ọ̀dọ̀ ìjọba kan sí òmíràn, àwọn méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i: kí èyí tí ó ń sìn jọ̀wọ́ rẹ̀, kí èyí tí ó ń lọ bá sì ní àyè fún un. Bí ọ̀kan bá kọ̀, kò kù ju kí ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ níbòmíràn, bóyá lábẹ́ àwọn ọmọbìnrin tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní bí a ti ń gbẹ̀bí. Ní tèmi, ọ̀nà rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí òfin owó ìfẹ̀hìntì ti yí padà ní 2004, èyí tí a tún ṣe ní 2014, owó ti òṣìṣẹ́ wà ní orúkọ òun fúnra rẹ̀. Ó kéré tán, ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni òun yóò dá, ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ yóò sì dá ìdá 10 lé e. Ibi yòówù tí mo bá lọ, èyí tí mo ti kó jọ ń tẹ̀lé mi. Àwọn kan rò pé ẹni tí Ọlọ́run bá pè kò gbọdọ̀ ṣírò. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Olúwa wa fúnra rẹ̀ ni ó sọ ìtàn ẹni tí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó kí ó tó kọ́ ilé ìṣọ́.

Nítorí náà a jókòó. Inú ìwé kan tí àwọn ìbejì ti lo apá kan rẹ̀ fún ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ wọn ni a kọ ọ́ sí, tí ìṣirò tiwa fi tẹ̀lé ìṣirò tiwọn. A kọ owó ilé, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́ta, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti Màmá, ìdámẹ́wàá, owó tí a ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n. Bí a bá jọ lọ, ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò fún wa ní ilé láìgba owó, ṣùgbọ́n owó ti Ìyá Ìbejì lè dúró. Bí èmi nìkan bá lọ, owó tirẹ̀ yóò máa wọlé, ṣùgbọ́n ìkòkò méjì ni a óo máa gbé ka iná, owó ọkọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì lóṣù yóò sì jẹ ohun tí ó pọ̀. Ọ̀nà yòówù tí a gbé e gbà, ó bọ́ sí ibì kan náà: nǹkan yóò há, ṣùgbọ́n kò ní í já.

Ọmọkùnrin wa ni ó kàn. Ọdún kan ni ó kù fún un kí ó jókòó fún ìdánwò WAEC, ọdún náà gan-an ni ó sì bọ́ sí àárín ìṣípò yìí. Ẹ̀yin tí ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ó ń jẹ́ láti fa ọmọ tu ní ọdún ìkẹhìn, kí ó lọ jókòó láàrin àwọn tí kò mọ̀, níwájú olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a sọ fún un, ó ní, “Ẹ ṣé, sà,” ó sì dìde. Fún ọjọ́ mẹ́rin kò sọ̀rọ̀ náà rárá. Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, òun ni ó kàn láti gbàdúrà nínú ìsìn ilé wa. Ó gbàdúrà fún ìjọ, ó gbàdúrà fún àwọn tí ń ṣàìsàn, lẹ́yìn náà ni ó bẹ Olúwa pé kí ó jẹ́ kí òun lè parí ẹ̀kọ́ òun níbi tí òun ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ òun. Ọmọ náà kò bá mi jiyàn. Ọlọ́run ni ó bá sọ ọ́, etí mi sì wà níbẹ̀. Gbogbo ilé dáhùn pé “Àmín”; àmín ti ìyá mi ni ó ròkè jù.

Ní ti àwọn ìbejì, ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀. Táyé fẹ́ mọ̀ bóyá òjò máa ń rọ̀ níbẹ̀ bí ti Ìbàdàn. Kẹ́hìndé fẹ́ mọ̀ bóyá adìẹ wọn yóò wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ènìyàn tàbí pẹ̀lú ẹrù. Nígbà tí a dá wọn lóhùn, wọ́n padà sídìí eré wọn.

Ìyá mi ni mo rò pé yóò rọrùn jù láti mú lọ, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ni mí, ibi tí ọmọ bá sì wà ni a ń retí pé kí ìyá wà. Ó ti ta aṣọ òkè ní ọjà Ọjẹ́ fún ọdún púpọ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń tà ni wọ́n sì jọ wà nínú Ẹgbẹ́ Ìyá títí di òní, àwọn tí ó ṣẹ́kù nínú wọn. Ó gbọ́ àlàyé mi tán, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ó ní, “Àkànní, Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà rẹ ní ire. Ṣùgbọ́n èmi kò lọ.” Mo rán an létí pé ẹni ọdún 81 ni. Ó ní òun mọ iye ọdún òun. “Ọmọ mi ni ọ́, mo sì ń fi ọ́ yangàn. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ ni ó mọ ìgbà tí mo lo oògùn àti ìgbà tí n kò lò ó. Ibi tí ó bá wà ni èmi wà. Bí ó bá bá ọ lọ, màá tẹ̀lé e. Bí kò bá lọ, ìwọ máa lọ, kí o máa wá kí wa.” Nínú Bíbélì, Rúùtù aya ọmọ ni ó dì mọ́ ìyá ọkọ. Ní ilé tiwa, ìyá ọkọ ni ó dì mọ́ aya ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè sọ pé ó ṣe ohun tí kò bójú mu. Ìyá Ìbejì, nígbà tí ó gbọ́ èyí, wọ inú yàrá lọ, ó pẹ́ kí ó tó jáde.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé mi láti oṣù Kẹta, nítorí pé ilé tí a ó fún mi kò ní í gba gbogbo wọn. Ọmọkùnrin wa ni ó ń bá mi gbé e. Iṣẹ́ yìí ti ṣe wá ní àǹfààní ju bí mo ti rò lọ, nítorí ẹni méjì tí ó bá jọ ń nu eruku kúrò lára ìwé kì í pẹ́ kí wọ́n tó bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, mo sọ fún un bí ìwé náà ti bọ́ lọ́wọ́ ikú. Olùkọ́ ni Johnson kí ó tó di àlùfáà, Ọ̀yọ́ ni ó sì ti ṣe olùṣọ́-àgùntàn. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ìwé náà sì sọnù mọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní 1901 ni Johnson kú. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, tí í ṣe oníṣègùn, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tí ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwé náà kò sì jáde títí di 1921. Mo ní, “Àwa tí ń kàwé máa ń yin ẹni tí ó kọ ìwé, a kì í yin ará ilé tí ó gbà á là.” Ọmọ mi gbé ìwé náà wò lójú àti lẹ́hìn, ó rí bí ó ti nípọn tó, ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọ́jú tiyín dáadáa o.”

N kò ní í fi àkókò ṣòfò lórí ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yunifásítì sọ. Àwọn kan ní ó ti rẹ̀ mí ni. Àwọn kan ní mo fẹ́ di bíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan, tí ó kéré sí mi, wá béèrè bóyá òun lè gba àwọn àkọsílẹ̀ tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní, mo sì kó wọn fún un tìdùnnú-tìdùnnú.

Ohun tí èmi àti ìyàwó mi bá ara wa jiyàn lé jù ni irú ìdágbére tí n ó ṣe. Mo fẹ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá ti gbá ohun-èlò ìtúlẹ̀ mú kò yẹ kí ó máa bojú wẹ̀hìn, ẹni tí ó bá sì di ọ̀nà ẹ̀hìn mú lọ́wọ́ kan yóò fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run. Ìyá Ìbejì ní kí n béèrè fún ìyọ̀ǹda ọdún kan láìgba owó, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn yunifásítì, kí a lè rí bí ibẹ̀ ti rí, kí ọmọ sì parí ìdánwò rẹ̀. Mo ní ìgbàgbọ́ kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀hìn. Ó ní, “Nóà, tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sọ fún bí yóò ti kan ọkọ̀, ó ní fèrèsé. Èé ṣe tí ilé tèmi kò fi ní í ní?” Àríyànjiyàn yìí bẹ̀rẹ̀ nínú Lẹ́ńtì, Àjíǹde sì kọjá lórí rẹ̀. A kì í pariwo. A óo gbé e sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ, a óo sì tún gbé e nígbà tí wọ́n bá sùn. Àwọn òru kan wà tí a kúnlẹ̀ gbàdúrà pọ̀ tí olúkúlùkù wa sì mọ ohun tí ẹnìkejì ń bẹ̀bẹ̀ fún, tí kò sì lè ṣe àmín sí i tọkàntọkàn. Mo ṣì gbà pé òtítọ́ kan wà nínú èrò tèmi. Ṣùgbọ́n èrò tirẹ̀ ru ènìyàn mẹ́fà, tèmi ru ẹnìkan. Lẹ́yìn Àjíǹde ni mo kọ̀wé béèrè fún ọdún kan, wọ́n sì fún mi ní oṣù Kẹfà.

Báyìí ni ètò náà ti rí nísinsìnyí. Èmi nìkan ni yóò kọ́kọ́ lọ ní oṣù Kẹsàn-án, gba ọ̀nà Ifẹ̀ àti Iléṣà wọ Èkìtì. Ìyá Ìbejì, Màmá, àti àwọn ọmọ yóò dúró ní Ìbàdàn títí ìdánwò ọmọkùnrin wa yóò fi kọjá. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí kò tíì ní ojútùú, nítorí pé ọwọ́ Ìyá Ìbejì ni ó wà, kò sì tíì sọ̀rọ̀.

Ó ṣe ohun kan, bí ó ti wù kí ó rí. Ní oṣù Karùn-ún, láìsọ fún mi tẹ́lẹ̀, ó kọ ìwé tirẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó béèrè iye yàrá tí ilé ní, ibi tí a ti ń pọn omi, bí iná mànàmáná ti ń ṣe sí. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí kò wá sí ọkàn mi rí láti béèrè: àwọn ìyàwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, ta ni ń gba ẹ̀bí wọn?

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni èsì dé. Orúkọ méjì ni ó wà lórí ìwé náà ní ọ̀tẹ̀ yìí, tèmi àti tirẹ̀. Yàrá mẹ́rin ni ilé ní. Kànga wà, ṣùgbọ́n ó máa ń fà ní oṣù Kejì. Ní ti àwọn ìyàwó, yàrá kan ṣoṣo ni a ti ń fún wọn ní oògùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ bímọ a lọ sí ilé-ìwòsàn inú ìlú, bí ó bá rí ọkọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní owó láti gba agbẹ̀bí ní ọdún yìí, wọn kò sì fẹ́ tàn án. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá wò ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ.

Ìwé náà wà lórí tábìlì ìjẹun láti ọjọ́ náà, lábẹ́ àwo ṣúgà. Mo rí i pé a ti tú u ká púpọ̀ ju bí mo ti tú u lọ. Ní òwúrọ̀ òní ó ti ẹnu iṣẹ́ òru dé, ó ní ọmọ mẹ́ta ni òun gbà láàrin agogo méjì sí agogo márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn sì fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó, ó fa ìwé náà yọ. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bí ilé-ìwòsàn ìlú ti jìnnà tó sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Mo ní n kò mọ̀, wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní, “Ẹ wo ọ̀rọ̀.” Ó mú kálámù, ó kọ ìbéèrè náà sí ẹ̀hìn ìwé, ó sì lọ sùn.